Bàbá Ẹ-Dúró-Ná àti Ẹ̀rọ Ìkọ̀wé Tuntun

Iṣẹ́ tẹlifóònù ni ọkùnrin yìí ń ṣe ní ilé ìwòsàn ńlá kan. Bí ẹnikẹ́ni bá pe ilé ìwòsàn náà láti ìta, òun ni yóò kọ́kọ́ dáhùn, òun ni yóò sì so olúwarẹ̀ pọ̀ mọ́ yàrá tí ó ń wá. Kí ó tó so ó pọ̀, yóò ní, "Ẹ dúró ná." Ó ti sọ ọ́ fún ohun tí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún, débi pé Bàbá Ẹ-Dúró-Ná ni gbogbo àwọn nọ́ọ̀sì ń pè é, àwọn dókítà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sì rò pé orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn. Kò bínú sí i. Ó ní ọ̀pọ̀ ènìyàn ni orúkọ wọn kò bá iṣẹ́ wọn mu, tòun ṣáà bá a mu.

Ojú rẹ̀ kò ríran. Àìsàn kan ni ó gbà á ní kékeré, kí ó tó mọ okùn bàtà í so, ó sì ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò ka ọ̀rọ̀ náà sí ìròyìn mọ́. Bíréèlì ni ó fi ń kọ nǹkan, àwọn àmì róbótó kéékèèké tí ó máa ń yọ sókè lára bébà, tí afọ́jú ń fi ìka kà. Pátákó irin pẹlẹbẹ kan àti abẹ́rẹ́ onígi kan ni irinṣẹ́ rẹ̀. Yóò fi bébà há àárín irin náà, yóò máa fi abẹ́rẹ́ gún un láti apá ọ̀tún bọ̀ sí apá òsì, ìgbà tí ó bá yí bébà padà ni ọ̀rọ̀ yóò tó di kíkà. Ariwo rẹ̀ dà bí ti adìẹ tí ń ṣa àgbàdo lórí páànù. Àwọn tí ó ń ṣiṣẹ́ nítòsí rẹ̀ ní ariwo náà kò dí àwọn lọ́wọ́ rárá, wọ́n sì ń sọ bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́.

Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀, obìnrin tí ọ̀rọ̀ kò wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ohunkóhun tí ó bá ní kí ọkọ òun rántí, ìbáà ṣe gáàsì tí ń tán lọ, ìbáà ṣe ilẹ̀kùn tí ń han, ìbáà ṣe ọjọ́ tí yóò lọ rí dókítà eyín, èsì kan ṣoṣo ni yóò gbọ́: "Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀." Nígbà mìíràn, òótọ́ ni. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan wà nínú àwo, èkejì di ife omi mú, kò sì sí abẹ́rẹ́ nítòsí. Ìyàwó mọ̀, ṣùgbọ́n kì í wí nǹkan kan. Ìgbéyàwó tí a bá ní kí a máa tú gbogbo ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò kì í tọ́jọ́.

Ohun kan wà tí àwọn méjèèjì kò ṣe rí láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra: wọn kò kọ̀wé síra wọn. Ìyàwó kò lè ka bíréèlì. Ó ní lójú òun, ó dà bí ara tí ẹ̀fọn jẹ. Ọkọ kò sì lè ka ìwé tí wọ́n fi yíǹkì kọ. Ẹnu ni wọ́n fi fẹ́ra, ẹnu ni wọ́n fi ń jà, ẹnu náà ni wọ́n fi ń parí ìjà. Bí ọ̀kan bá rìnrìn àjò, wọ́n a pe ara wọn lórí fóònù.

Ọdún yìí ni ilé ìwòsàn wá ra ẹ̀rọ ìkọ̀wé tuntun fún Bàbá. Ọ̀gá àgbà ní ayé ti lajú, a kò lè máa fi abẹ́rẹ́ gún bébà títí láé. Wọ́n rán obìnrin kan wá láti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ohùn obìnrin náà tutù pẹ̀sẹ̀, ó hàn pé ó ti kọ́ ọ̀pọ̀ àgbàlagbà rí, wọn kò sì tíì rí i pa.

Bàbá gba ẹ̀rọ náà, ó gbé e sókè, ó gbé e sílẹ̀. Ó wúwo bí ìwé ńlá tí òjò pa. Ó gbóòórùn rẹ̀: ike tuntun. Ó fọwọ́ tọ́ ọ yíká, ó bá bọ́tìnnì díẹ̀ lókè, ó sì bá ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan nísàlẹ̀ tí ihò wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀. Nígbà tí obìnrin náà tan ẹ̀rọ, àwọn ọmọ irin kéékèèké yọrí láti inú ihò wọ̀nyí, wọ́n sì di ọ̀rọ̀ lábẹ́ ìka rẹ̀. Bàbá yọ ọwọ́ kúrò. Nígbà tó ṣe, ó dá a padà.

"Ó ń gún mi," ni ó wí.

"Kò gún yín, sà. Ó ń kí yín ni."

Ẹ̀rọ náà kò fi ìka nìkan kíni, ó tún lẹ́nu. Ó fi ohùn obìnrin tí òtútù mú sọ pé, "Káàbọ̀. Tẹ orúkọ rẹ."

Bàbá kọjú sí obìnrin náà. "Ta ló ń sọ pé 'rẹ'?"

"Ẹ̀rọ ni, sà."

"Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ̀rọ yìí?"

"Ọdún yìí ni wọ́n ṣe é, sà."

"Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún yìí ló ń sọ fún mi pé, 'Tẹ orúkọ rẹ.'"

Obìnrin náà ní ibì kan wà nínú rẹ̀ tí ènìyàn lè kọ ọjọ́ orí rẹ̀ sí. Bàbá kọ ọ́ síbẹ̀, kò fi oṣù kan pamọ́. Ẹ̀rọ ní, "O ṣeun." Wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Kò pẹ́ tí ó tún rí ẹjọ́ mìíràn rò. Bébà ní ojú ewé. Ènìyàn lè tẹ́ ọwọ́ méjèèjì lé e, kí ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó ń lọ. Ẹ̀rọ yìí, ìlà kan ni yóò gbé jáde. Bí o bá kà á tán, yóò gbé e mì, yóò sì pọ òmíràn. Bàbá ní ó dà bí kí ènìyàn máa wo ìyẹ̀wù láti ojú ihò kọ́kọ́rọ́. Obìnrin náà ní púpọ̀ nínú àwọn tí òun kọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀, àti pé ó máa ń mọ́ wọn lára. Bàbá ní ẹ̀wọ̀n náà máa ń mọ́ ènìyàn lára.

Bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ náà ti wọ̀ ọ́ lọ́kàn, àgbà kàn ń ṣe bí àgbà ni. Kò pariwo. Ó yára ju abẹ́rẹ́ lọ. Ó lè fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù ẹlòmíràn, ó sì lè gba tirẹ̀ wá, kí ó sọ ọ́ di bíréèlì. Nígbà tí Bàbá gbọ́ èyí, ó ní kí obìnrin náà tún un sọ, ó ṣe bí ẹni pé òun kò gbọ́ dáadáa.

"Ṣùgbọ́n ẹ fiyè sí ibí yìí o, sà," ni obìnrin náà wí. "Tí ẹ bá fẹ́ kí àmì ohùn bá ọ̀rọ̀ yín lọ, bọ́tìnnì méjì kan wà tí ẹ máa tẹ̀ pọ̀. Tí ẹ ò bá tẹ̀ wọ́n, àmì orí, àmì abẹ́, gbogbo ẹ̀ ló máa já dà nù lọ́nà. Bọ́tìnnì náà ni..."

Tẹlifóònù dún. "Ẹ dúró ná," ni Bàbá wí fún obìnrin náà. Ẹnìkan ń wá yàrá ìgbẹ̀bí. Nígbà tí ó fi so ó pọ̀ tán, tí ó sì yíjú padà, obìnrin náà ti dé orí ọ̀rọ̀ bátìrì. Ó bi Bàbá bóyá ó ti di ti bọ́tìnnì mú. Bàbá ní òun ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní àkókò yìí, ìyàwó rẹ̀ kò sí nílé. Ọmọbìnrin wọn tí ó ń gbé ní ìlú mìíràn bímọ, ìyá sì lọ bá a gbé ọmọ. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n pè é, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ náà sì ń bí ọ̀sẹ̀ mìíràn. Bàbá ń gbé inú ilé fúnra rẹ̀. Ó mọ oúnjẹ sè, ó mọ aṣọ fọ̀, kò sí ohun tí kò mọ̀ ọ́n ṣe. Àárò ìyàwó rẹ̀ ni ó ń sọ ọ́, ó sọ ọ́ gan-an, kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Láti kékeré ni ó ti pinnu pé ẹnikẹ́ni kò ní sọ pé nítorí ojú òun ni òun ṣe nílò ènìyàn. Bí ó bá ní kí ìyàwó òun padà wá, ayé yóò ní afọ́jú ni, ta ni yóò fún un lóúnjẹ? Nítorí náà, gbogbo ìgbà tí ìyàwó bá pè, tí ó bá béèrè àlàáfíà ilé, yóò ní ilé wà bó ṣe wà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ní ibi iṣẹ́, ẹ̀rọ náà ní, "Iṣẹ́ kan dé fún ọ." Bàbá fi ìka lé ìlà náà. Ìyàwó rẹ̀ ni. Bàbá ti fún un ní nọ́ńbà ẹ̀rọ náà, kò sì ronú pé yóò lò ó. Ohun tí ó kọ nìyí:

Dádì, ọmọ yín ní kí n dúró títí ọmọ yóò fi máa rìn. Mo ní kí n kọ́kọ́ bi yín. Kí lẹ rí sí i? Ẹ má gbàgbé fèrèsé ẹ̀yìn bí òjò bá ṣú.

Bàbá kà á tán, ó dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó tún kà á. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ó ti mọ obìnrin yìí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà lábẹ́ ìka òun, kò gba etí wọlé. Ó fọwọ́ lé "Dádì" pẹ́. Tẹlifóònù dún, kò gbé e. Ó tún dún.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn. Ó kọ́kọ́ kọ ọ́ pé, "Padà wá sílé." Ó pa á rẹ́. Ó kọ ọ́ pé, "Ilé yìí kò gbádùn." Ó pa ìyẹn náà rẹ́. Lórí bébà, bí ènìyàn bá fi ìka tẹ àmì rẹ́, ojú àpá rẹ̀ ṣì máa ń wà níbẹ̀, ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n wá yóò rí i. Ẹ̀rọ yìí kò fi àpá kankan sílẹ̀. Bàbá ka èyí sí ìwà rere àkọ́kọ́ tí ó rí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá kọ èyí tí ọkùnrin lè fọwọ́ sí, ó sì fi ránṣẹ́ kí ọkàn rẹ̀ tó yí padà. Bí ó ṣe jáde lórí fóònù ìyàwó nìyí:

Mo ka oro re. Mo ti ko o sile. Ile dara. Ma kanju pada.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ èdè yìí, ẹ ò nílò kí n ṣàlàyé. Ọ̀rọ̀ fèrèsé ni Bàbá ní lọ́kàn: mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ohùn ìsàlẹ̀ lé ọ̀rọ̀ kan péré lára rẹ̀, ọkùnrin ti lé ìyàwó rẹ̀ nìyẹn, ó ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ó sì tún ní kí ó má kánjú. Ẹyin lohùn, wọ́n ní bó bá bọ́, fífọ́ ní í fọ́. Èyí ti bọ́ ná.

Ìyàwó kò fèsì. Bàbá retí títí ilẹ̀ fi ṣú, ó sì pè é ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Fóònù dún títí, kò gbé e. Ó pe ọmọ rẹ̀, ọmọ ní, "Dádì, Mọ́mì wà ńbí. Wọ́n ní orí ń fọ́ àwọn díẹ̀, àwọn máa pè yín." Kò pè.

Ẹnìkan wà tí ó máa ń wá mu tíì lọ́dọ̀ Bàbá láràárọ̀, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ṣọ́jà nítorí bí ó ṣe ń rìn. Bàbá rò pé bóyá ẹ̀rọ kò fi ọ̀rọ̀ náà jẹ́ṣẹ́ dáadáa. Ó fi ọ̀rọ̀ kan náà ránṣẹ́ sí fóònù Ṣọ́jà, ó ní kí ó bá òun wo bí ó ṣe rí. Ìyàwó Ṣọ́jà ti já a sílẹ̀ láti ọdún tó kọjá, ọ̀nà kan ṣoṣo sì ni etí rẹ̀ ń gbà gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí.

"Mo ka ọ̀rọ̀ rẹ," ni Ṣọ́jà kà. "Mo ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀." Ó gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀. "Bàbá, èmi àtẹ̀yin ò kúkú fẹ́ra wa."

"Tún un kà."

"Mo ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ilé dára. Má kánjú padà." Ṣọ́jà gbójú sókè. "Ta lẹ fi eléyìí ránṣẹ́ sí?"

Bàbá sọ fún un. Ṣọ́jà ní kí Ọlọ́run má ṣe bínú sí àwọn méjèèjì.

Bàbá ní òun yóò tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Ó gbìyànjú láti rántí bọ́tìnnì méjì tí wọ́n ní kí òun tẹ̀ pọ̀. Ó tẹ méjì, ẹ̀rọ sọ aago tí ó lù. Ó tẹ méjì mìíràn, ẹ̀rọ ní, "Ṣé o fẹ́ pa mí?" Ó fi bọ́tìnnì sílẹ̀, ó kọ àlàyé, ṣùgbọ́n ó gbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, Ṣọ́jà ni ó kọ́kọ́ fi dánwò. Ṣọ́jà kà á sókè: "Mo kọ̀ ọ́ sílẹ̀ ni, mi ò kọ̀ ọ́ sílẹ̀." Ó tún fi ojú wò ó. "Bàbá, ẹ mú ọ̀kan."

Ẹ̀rù ba Bàbá nígbà náà, ẹ̀rù gidi. Kò lè gba ẹnu ọmọ ṣàlàyé, ọ̀rọ̀ tọkọtaya kì í gba ẹnu ọmọ kọjá. Ohun tí ó ń dùn ún jù ni pé ìyàwó rẹ̀ kò pè kí ó tilẹ̀ bú òun. Ẹni tí ó bá lè gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́ láìbéèrè, ó ti ń retí rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn. Ó gba ààyè lẹ́nu iṣẹ́ láti lọ bá ìyàwó rẹ̀, Ṣọ́jà mú un lọ sí ibùdókọ̀, ó bá a wá ìjókòó lẹ́bàá fèrèsé, bí ẹni pé yóò wòta.

Ó gbé ẹ̀rọ náà lé itan ní gbogbo ọ̀nà. Ní àárín ìrìn àjò, ẹ̀rọ ní, "Bátìrì rẹ ti fẹ́ tán."

"Tìrẹ ni," ni Bàbá dá a lóhùn. Ẹni tí ó jókòó tì í sún díẹ̀ sẹ́yìn.

Ọmọ rẹ̀ wá pàdé rẹ̀, ó mú un wọlé. Yàrá kékeré kan ni, ó gbóná, òórùn ọṣẹ ọmọdé sì kún inú rẹ̀. Bàbá gbọ́ bí ìyàwó òun ṣe ń ká aṣọ ọmọ, tí ó ń tẹ́ wọn lé ara wọn. Ìró aṣọ náà kò dúró nígbà tí ó wọlé.

"Ẹ káàbọ̀," ni ìyàwó wí.

Bàbá jókòó, kò béèrè omi. Ó bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Ó sọ ọ̀rọ̀ obìnrin tí ó wá kọ́ni, ó sọ ti bọ́tìnnì méjì, ó sọ bí tẹlifóònù ṣe dún. Ó pe ohùn òkè, ó pe ohùn ìsàlẹ̀, ó pe ti àárín, bí ẹni tí ó dúró níwájú pátákó. Ó ní mo kọ ọ́, mo kọ̀ ọ́, ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe jìnnà síra wọn. Nígbà tí ó dé ibi tí Ṣọ́jà ti ní àwọn ò fẹ́ra, ọmọ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ọmọ ọwọ́ jí, ó ké. Ìyàwó gbé e lé èjìká. Òun kò rẹ́rìn-ín.

"Ṣé ẹ ti ṣàlàyé tán?" ni ó bi í.

"Mo ti ṣàlàyé tán."

"Mo mọ̀ pé ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ yín, kí lẹ tún ń fi dá mi lóhùn? Tí mo bá ní ilé ń jó, ẹ máa ní ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀."

Bàbá kò retí èyí. Gbogbo ohun tí ó kó wá láti ilé ti tán lọ́wọ́ rẹ̀. "Kí ló wá dé tí o ò gbé fóònù mi?"

"Èyí tó tẹ̀ lé e ni. Ẹ ní ilé dára. Ẹ ní kí n má kánjú." Ó ń gbá ọmọ lẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ó ti ń sọ̀rọ̀. "Àwọn yẹn ńkọ́? Tí ẹ bá fi ohùn sí wọn, kí ni wọ́n máa dà?"

Bàbá gbé "ilé dára" yẹ̀ wò nínú ọkàn rẹ̀, ó gbé ohùn sókè lára rẹ̀, ó gbé e wálẹ̀. Kò di nǹkan mìíràn. Ó wo "má kánjú" náà bẹ́ẹ̀.

"Ìwé àkọ́kọ́ tí ẹ máa kọ sí mi láyé nìyẹn," ni ìyàwó wí. "Mo gbé e wọ balùwẹ̀, mo tilẹ̀kùn, kí ẹnì kankan má bàa dí mi lọ́wọ́. Mo rò pé nǹkan kan máa wà níbẹ̀."

Ọmọ wọn ti dẹ́kun ẹ̀rín. Bàbá fi ọwọ́ pa ẹ̀rọ orí itan rẹ̀ kú.

"Irọ́ ni," ni ó wí.

"Èwo nínú ẹ̀?"

"Ilé. Ilé ò dáa." Ó gbé ẹ̀rọ náà kalẹ̀. "Kò dáa rárá. Mi ò lè jókòó síbẹ̀. Kí n tó lọ sùn, mo máa ń lọ sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ, màá fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kí n lè máa gbọ́ ọ."

Ìyàwó dáwọ́ dúró lẹ́yìn ọmọ. "Aṣọ wà nínú ẹ̀?"

"Kò sí aṣọ."

"Abẹ́rẹ́ á ti ṣẹ́."

"Ó ti ṣẹ́."

Obìnrin náà kọjú sí ọmọbìnrin rẹ̀. Ó ní kí ó wá gba ọmọ lọ́wọ́ òun, òun fẹ́ di ẹrù.

"Mọ́mì," ni ọmọ wí, "ẹ ní ẹ máa dúró títí á fi máa rìn."

"Á rìn," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ìwọ náà rìn."